Ọkùnrin Tó Wa Mọ́tò Gbé Mi Wá Síbi Ìyẹ́sí Rẹ

Gulfton, Houston,
Oṣù Kẹwàá, 1986.

Rótìmí ọmọ mi, ọkọ mi,

Ọkùnrin tó wa mọ́tò gbé mi wá síbi tí yunifásítì yín ti yẹ́ ọ sí lóṣù tó kọjá, tí mo sọ fún ọ pé ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń bá mi wakọ̀ ni, tí o bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣeun tó gbé ìyá rẹ wá, ọkọ mi ni. A ti ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù láti ìparí oṣù kẹjọ. Èmi ìyá rẹ, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ìyàwó tuntun ni mí.

Mo ti sọ ọ́. Jẹ́ kí n mí ná.

Rótìmí, inú mi ń dùn débi pé mo máa ń gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ọ̀gá mi ní ilé ìtọ́jú ọmọ bi mí lánàá pé kí ni mo jẹ tí mò ń kọrin bí mo ṣe ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ ọlọ́mọ. Bí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, kí ó tó kan ilẹ̀kùn ni mo ti ṣí i. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí. Ojú sì ń tì mí, ó ń tì mí gan-an. Kì í ṣe ìgbéyàwó ló ń tì mí lójú. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́jọ kò jalè bó bá tún lọ́kọ. Ohun tí èmi pẹ̀lú rẹ ṣe lọ́jọ́ ìyẹ́sí yẹn ló ń tì mí lójú.

Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà nítorí pé lórí fóònù wàá dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Wàá ní, "Mọ́mì, mò ń bọ̀, kóòṣì ń pè mí." Níbi tí Yorùbá mi bá ti le fún ọ, pe Bùsọ́lá àbúrò rẹ ní Dallas. Mo ti kọ lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀, ó sì ti pè mí, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní irú aṣọ wo ni mo wọ̀. Bùsọ́lá nìyẹn.

Wàyí o, gbọ́ orúkọ ọkọ mi. Nígbà tí mo mú un mọ̀ ọ́, "Bàbá Pasadena" ni mo pè é, torí pé ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọpo. Bàbá Kọ́ládé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni, Kọ́ládé yẹn náà. Ọmọkùnrin tó ń sáré fún yunifásítì kejì, tí igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú eré onígi tí ẹni mẹ́rin ń sá tí wọ́n ń gbé igi fún ara wọn, tí ìwọ sì fi kọjá lára rẹ̀, tí ẹ gba ipò kìíní. Eré tí wọ́n torí rẹ̀ gbé àwòrán rẹ kọ́ ògiri.

Mo fẹ́ kí o rántí ọjọ́ ìyẹ́sí náà pẹ̀lú mi, ṣùgbọ́n kí o wò ó láti orí ìjókòó tiwa.

Kí a tó wọ gbọ̀ngàn, o mú wa rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí wọ́n kọ́ àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sí. Ò ń fi wọ́n hàn wá: adájọ́ rèé, oníkànga epo rèé, èyí tó wọ aṣọ àwọn tó ń fò lọ sójú òfuurufú rèé. Lẹ́yìn náà a dé ọ̀dọ̀ àwọn eléré. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọn tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, àwòrán tiwọn tóbi bí ilẹ̀kùn. Ti àwọn asáré kéré bí fèrèsé ilé ìdáná. Níbẹ̀rẹ̀ ògiri, ṣòkòtò wọn gùn dé orúnkún, irun wọn ń dán, kò sì sí ojú dúdú kan láàárín wọn. A rìn, a rìn, kí ẹyọ kan tó yọjú. Ọkọ mi dúró níwájú ẹni yẹn, ó ṣí fìlà. O rò pé ooru ló mú un. Lẹ́yìn ẹni yẹn ni orúkọ àwọn ọmọ ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí wọ́n kọ wọ́n ní ìkọkúkọ, títí a fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, ò ń rẹ́rìn-ín, igi wà lọ́wọ́ rẹ bí ọ̀pá àṣẹ ọba. Mo fọwọ́ pa gíláàsì rẹ̀ bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

Nígbà tí wọ́n ní kí o sọ̀rọ̀, o sọ nípa iṣẹ́ tuntun rẹ, pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe igbákejì kóòṣì, pé ìwọ ni wàá máa wá àwọn ọmọ tó lè sáré láti ilé wá. Orí mi wú. Lẹ́yìn náà o ní: "Ìyá mi wà níbí. Lọ́jọ́ eré yẹn, ó pariwo kan láti orí ìjókòó, ẹ̀rù sì ba ọmọkùnrin tó wà níwájú mi. Ojora mú un, ó sọ igi nù! Ó lẹ́sẹ̀, kò láyà."

Ẹ̀rín bo gbogbo gbọ̀ngàn. Àwọn àgbààgbà tó wọ kóòtù yunifásítì ń lu tábìlì. Wọ́n ní kí ìyá náà dìde. Mo dìde, Rótìmí. Mo juwọ́ sí wọn. Mo tún fọwọ́ gbé gèlè mi sókè díẹ̀. Bàbá ọmọkùnrin náà sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó parí, o kọjú sí i, o ní, "Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa lọ gbé mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà, kí Mọ́mì má rìn jìnnà."

Ó ní, "Kò burú, ọ̀gá kóòṣì." Ó sì lọ gbé e wá.

Ìwọ kò mọ ẹni tó jẹ́. Èmi mọ̀ ọ́n. Ohun mìíràn sì wà tí mo mọ̀ tí ìwọ kò mọ̀, òun gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́jọ́ eré yẹn níbí ní Houston, o rántí bí mo ṣe múra: ẹ̀wù yunifásítì yín lórí ìró, kúlà mọ́ínmọ́ín lẹ́sẹ̀. Àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń wò mí, mo fún obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní mọ́ínmọ́ín kan, ó ní kéèkì wo nìyí tó ní ẹja nínú. Nígbà tí ó kan àwọn tó máa sá kẹ́yìn, Kọ́ládé ló kọ́kọ́ nawọ́ gba igi. Ìwọ ṣì ń dúró. Mo rí i pé wọ́n ti fẹ́ já ọ sílẹ̀, mo bá dìde lórí ìjókòó, mo sì pè ọ́ bí ìyá bàbá rẹ ṣe máa ń pè ọ́ nígbà tí o wà ní kékeré: "Àkànní! Àkànní ò! Àkànní ọkọ mi, ẹsẹ̀ rẹ dà?"

Kọ́ládé náà, Àkànní ni.

Ìyá rẹ̀ ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga níhìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin obìnrin yẹn, kò sẹ́ni tó tún pè é ní oríkì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò lè pè é. Ó ní bí òun bá la ẹnu láti pè é, ẹkún ló ń tẹ̀lé e. Àfi ọ̀sán ọjọ́ náà, láàárín ogunlọ́gọ̀ òyìnbó, tí ohùn obìnrin Yorùbá kan ké e láti òkè. Ọmọ náà yíjú. Ta ni kò ní yíjú? Igi náà kò tíì jókòó dáadáa ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ojora kọ́, Rótìmí. Ó rò pé ìyá òun ló ń pe òun.

Èmi kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ijó ni mò ń jó. Ọdún tó kọjá ni mo tó mọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilé wa nítòsí ibí. Mo rí ọmọ ìjọ wa kan lókèèrè, oríkì tòun náà Àkànní ni, mo bá ké pè é. Ọkùnrin kan tó gbé àpò gàrí léjìká dúró gbagidi. Ó yíjú sí mi, ó ní:

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má máa pe Àkànní nígbà tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ èèyàn. Ìgbà tí ẹ pè é kẹ́yìn, igi ló bọ́. Gàrí yìí wọ́n."

Mo ní, "Ẹ má bínú, ta ni yín?"

"Èmi ni bàbá ẹni tí igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn mi lókè lẹ jókòó sí. Ẹ wọ ẹ̀wù yunifásítì lórí ìró. Ta ló máa gbàgbé?"

Ó wá ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lú àpò gàrí léjìká. Kí ó tó sọ ọ́ tán, mo ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì láàárín àpótí iṣu àti ike epo pupa.

Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde, kí wọ́n má baà rò pé ẹ ní kí n wá fẹ́ yín."

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù dá sí i láti ẹ̀yìn káńtà: "Ṣé ẹ̀yin kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni?"

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ tí mo fi di ìyàwó. Lọ́jọ́ tí a lọ sí kọ́ọ̀tù, tààràtà láti ibi iṣẹ́ ló ti wá, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń rùn fún epo rọ̀bì, adájọ́ wo bàtà náà, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a jẹ ẹja díndín nínú bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì ń yọ egungun ẹja fún mi bí ẹni pé n kò ní ojú. Rótìmí, mo ti tún gbàgbé pé ìtìjú ni mò ń kọ.

Padà sí mọ́tò. A ti kúrò ní yunifásítì yín, a ti dé ojú ọ̀nà márosẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀ ń bínú sí mi."

"Kí ni màá bínú sí? O ní awakọ̀ ni mí. Ṣebí èmi náà ni mò ń wakọ̀ yìí."

"Bàbá Kọ́ládé, ẹ má dá mi lóhùn báyìí."

Ó ní, "Ọmọ rẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó kàn jẹ́ pé ọmọ mi ló fi sọ ọ́. Èmi lè gbé e mì, àgbà ni mí. Kọ́ládé ti ń gbé e mì láti ìgbà yẹn, kò sì tíì sọ̀kalẹ̀."

Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ "ojora" tí o sọ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn, kóòṣì Kọ́ládé náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí i lójú. Nígbà tí ọdún yí po, wọn kò fún un ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ mọ́. Ó fi yunifásítì sílẹ̀, ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí Pasadena. Ó ń lọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ báyìí, díẹ̀díẹ̀, kó lè parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ògiri tí wọ́n gbé àwòrán tirẹ̀ kọ́.

Wàyí o, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Ẹni tó ti jìn sí kòtò ló ń sọ̀rọ̀.

Èkíní, má ṣe gbé ayọ̀ pamọ́. Nígbà tí bàbá rẹ ń wá mi, mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdírì ní Abẹ́òkúta. N kò sọ fún ìyá mi. Mò ń dá yọ̀, mò ń dá rẹ́rìn-ín, títí ẹnìkan fi lọ sọ ọ́ fún un nídìí ẹ̀rọ omi. Ìyá mi kò nà mí. Ó ní, "Ayọ̀ tí o bò mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣe lo sọ ọ́ di ẹrù olè." Ó dùn mí ju pàṣán lọ. Wò ó, mo tún ti ṣe é! Mo gbé ọkọ rere wá síwájú ọmọ mi, mo sì pè é ní awakọ̀, torí pé ẹ̀rù ń bà mí kí inú rẹ má baà bàjẹ́ lọ́jọ́ ọlá rẹ. Bí ìwọ náà bá rí ọmọbìnrin tó wù ọ́, jọ̀wọ́ mú un wá, kódà bí o bá rò pé màá ké. Màá ké. Lẹ́yìn náà màá dáná.

Èkejì, má ṣe fi ògiri ṣe ìrọ̀rí. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, bàbá rẹ ní kí n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Mo ní kí ni màá lọ ṣe níbẹ̀, ṣebí ìyàwó ẹni tó ń gboyè ni mí. Mo gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ pálọ̀, mò ń nu gíláàsì rẹ̀ lọ́jọọjọ́. Nígbà tó kú, ìwé náà ṣì wà lára ògiri, ó sì mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n orúkọ mi kò sí lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ títọ́ ni mo rí ṣe. N kò kẹ́gàn iṣẹ́ náà, mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwòrán rẹ yóò máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀ bóyá o ṣe rere lónìí tàbí o kò ṣe é. Ìwọ ni kí o máa ṣiṣẹ́.

Èyí tó tẹ̀lé e jẹ mọ́ àwọn ọmọ tí wàá máa mú wá láti ilé. Mo mọ bí ó ṣe ń rí: ẹnìkan á dé, á kọ̀wé sílé pé àbúrò òun náà lè sáré, kóòṣì á ní kí wọ́n mú un wá, wọ́n á wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ra ẹṣin. Rótìmí, má ra ẹsẹ̀. Ọmọ èèyàn ni kí o mú wá. Kọ̀wé sí ìyá rẹ̀. Béèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé. Rí i dájú pé ó ń kàwé, pé bí orúnkún rẹ̀ bá dà á lọ́la, ó ní ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí igi bá sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, lọ bá a níbi tó jókòó sí, kí o bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí o tó bá ẹlòmíràn sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi Kọ́ládé. Kóòṣì rẹ̀ kò bi í. Ìwọ kò bi í. Èmi tí mo pariwo, ijó ni mò ń jó.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà mọ́. Èyí ló wúwo jù. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. N kò ní kí o dá ipò kìíní padà. Ẹsẹ̀ rẹ lo fi sá a, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wàá bá a tàbí o kò ní bá a. Ṣùgbọ́n "kò láyà" tí o sọ, o gbọ́dọ̀ ṣà á nílẹ̀ fúnra rẹ. O sọ fún mi pé ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ yín máa tẹ ọ̀rọ̀ rẹ jáde nígbà Kérésìmesì. Lọ bá wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Sọ fún wọn pé ìtàn náà kò rí bí o ṣe sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní kò lè dùn bíi ti àkọ́kọ́ mọ́, jẹ́ kí ó má dùn.

Lẹ́yìn náà, pe Kọ́ládé. Ó fi ọdún méjì jù ọ́ lọ, nítorí náà ìwọ ni wàá kọ́kọ́ kí i, "Ẹ̀gbọ́n mi" sì ni kí o pè é. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa fún un, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ilé ìdáná, èmi tí mo ṣe é ní ibi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ káàbọ̀ sílé wa." Inú mi dùn, mo gbá a mọ́ra. Ó wá ní, "Rótìmí ńkọ́? Ṣé ó mọ ìdí tí igi yẹn fi bọ́?"

Mo kọjú sí iná, mo ṣí ìkòkò.

Ó ní, "Bí kò bá mọ̀, ẹ má bínú sí mi, mi ò ní lè wá jókòó pẹ̀lú rẹ̀. Mi ò bá a jà o, Mọ́mì. Ó kàn ti rẹ̀ mí láti máa jẹ́ ojo."

O ti mọ̀ báyìí. Kò tíì gbọ́ ohun tí o sọ lọ́jọ́ ìyẹ́sí. Bàbá rẹ̀ kò sọ fún un, èmi náà kò sọ. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kí ó ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀.

Ní ti ọkọ mi, n kò ní kí o pè é ní Dádì. Bàbá kan ṣoṣo ló bí ọ. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà ní pálọ̀ wa, Bàbá Kọ́ládé fúnra rẹ̀ ló kan ìṣó rẹ̀ nígbà tí mo kó wọ ilé tuntun yìí, ó ní kí ó má lọ sí kọ̀rọ̀. Pè é ní Bàbá Kọ́ládé bí gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá rí i, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Má bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Wọ́n máa gbàdúrà fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, lẹ́yìn ìsinmi Ìdúpẹ́. Kì í ṣe Sátidé yẹn ni mò ń pè yín fún jù. Mo fẹ́ kí àwa márùn-ún kọ́kọ́ jókòó jẹun nílé wa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, èmi, ọkọ mi, ìwọ, Bùsọ́lá àti Kọ́ládé, láìsí àlejò kankan. Bùsọ́lá ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Kọ́ládé ti pààrọ̀ iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn. Kọ́ládé ń dúró de ìpè rẹ. Bí o kò bá pè é, àga rẹ̀ yóò ṣófo, èmi ìyàwó tuntun yóò sì máa bu ọbẹ̀ síwájú àga òfìfo níwájú ọkọ mi. Ọmọ mi, dákun, má jẹ́ kí ojú tún tì mí ju báyìí lọ.

Gbogbo yín gbọ́dọ̀ ti dé kí oòrùn tó wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, ọdún 1986.